Ẹsẹ̀ tó gbé owó wá náà ló lè gbé e lọ

Ẹni tó máa ka ìwé yìí sétí ẹgbẹ́, jọ̀ọ́, rọra kà á. Ìṣirò wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa jọ ṣe é.

Ìwé kan ló bí ọ̀rọ̀ tòní. Àwọn ìyá ogójì kan, ẹgbẹ́ alágàrí, ló ní kí ọmọ wọn bá àwọn kọ ọ́. Wọ́n ní ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ tí òṣìṣẹ́ báńkì kan wá sí abúlé wọn, tòun ti fìlà àti ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ báńkì sí. Ó ní kí wọ́n yé fi owó pamọ́ sábẹ́ ẹní. Wọ́n gbọ́ sí i lẹ́nu, oníkálukú sì ṣí ìwé ìfowópamọ́. Nígbà tó di ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ gba owó láti fi ra ẹ̀gẹ́, owó tó bá níbẹ̀ kéré sí èyí tó kó síbẹ̀. Àṣé wọ́n ti ń yọ 1,000 fráǹkì lóṣooṣù. Ìyá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní, "Bí báńkì ṣe ń ṣe nìyẹn, ìyá."

Ìbéèrè tí àwọn ìyá yìí wá bi wá nìyí: "Ṣé kí a kó owó wa kúrò? Tí a bá sì kó o kúrò, ṣé báńkì ńlá bẹ́ẹ̀ á tiẹ̀ mọ̀ pé a lọ?" Wọ́n tún fi kún un pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wá bá àwọn, ó ní tí àwọn bá kó owó náà fún òun, òun á máa san 20 fráǹkì lé 100 lóṣooṣù.

N kò ní dárúkọ báńkì náà lórí afẹ́fẹ́, nítorí ẹjọ́ apá kan là ń gbọ́. Ṣùgbọ́n màá dá àwọn ìyá wa lóhùn, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Èrò tèmi ni pé tí báńkì bá kọ̀ láti ṣe àtúnṣe, ẹ kó owó yín kúrò. Ẹ jọ kó o. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbínú kó o, ẹ má sì kó o fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. 1,000 fráǹkì lóṣù kan, oṣù 12 ní ọdún: 12,000 fráǹkì lórí ẹnì kan. Àwọn ìyá 40: 480,000 fráǹkì lọ́dún kan. Owó ẹ̀gẹ́ ni o. Owó ilé ìwé ọmọ ni. Tí ẹnì kan bá jí 480,000 fráǹkì nínú abúlé lálẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo ìlú ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, tó sì jẹ́ pé oníkálukú ló ń wo ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ńṣe ni ó dà bí omi tó ń jò nínú ìkòkò. Ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ wá la ó tó mọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò fiyè sí ni pé ẹni tó gbé owó rẹ̀ lọ sí báńkì kò lọ tọrọ nǹkan. Òun gan-an ló ń yá báńkì lówó. Owó tí ìyá alágàrí kó síbẹ̀ ni báńkì ń yá oníṣòwò ńlá, tó sì ń gba èlé lórí rẹ̀. Nínú orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná fráǹkì sẹ́fà pẹ̀lú wa lábẹ́ BCEAO, òfin ní èlé báńkì kò gbọdọ̀ ju 15 nínú 100 lọ lọ́dún, ti kẹ́ẹ̀sì kékeré kò sì gbọdọ̀ ju 24 lọ. Asiráǹsì náà rí bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní adójútòfò. Owó wa ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà. Ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n tó máa san. Tí gbogbo wa bá dìde lọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣòwò?

Lomé tiwa yìí, ìlú owó ni. Ibí ni olú iléeṣẹ́ Ecobank wà. Ibí ni BOAD wà. Ibí náà ni CICA-RE wà, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ asiráǹsì fúnra wọn ń gba asiráǹsì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé gíga wọ̀nyí máa ń bà wá lẹ́rù tí a bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ilé kì í ga kí ó má ní ìpìlẹ̀, owó kékeré wa sì wà nínú ìpìlẹ̀ yẹn.

Ẹlòmíì á ní, "Ọ̀rọ̀ dídùn lásán nìyẹn. Ta ló ṣe é rí tó yọrí?" Ẹ gbọ́ ná.

Ní Èkó, láyé àwọn amúnisìn, báńkì òyìnbó máa ń gba owó oníṣòwò aláwọ̀ dúdú láìjanpata. Ṣùgbọ́n tí aláwọ̀ dúdú bá ní kí wọ́n yá òun lówó, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n gbà. Àwọn èèyàn wa ráhùn títí. Wọ́n gbìyànjú báńkì tiwọn ní 1929, ìyẹn wó láìpẹ́. Wọn kò jáwọ́. Ní 1933, T. A. Doherty, Dókítà Akinọla Maja àti H. A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀, àwọn oníṣòwò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó wọn lọ síbẹ̀. Ní 1945, M. A. Okupe dá Agbọnmagbẹ sílẹ̀, èyí tó di Wema Bank lẹ́yìn náà. Ẹ rí i pé wọn kò fi ẹkún nìkan mọ. Ibi tí wọ́n ń gbé owó lọ ni wọ́n yí padà.

Ọdún 1933 yẹn kan náà, nǹkan ṣẹlẹ̀ níbí ní Lomé. Àwọn Faransé fi owó-orí tuntun lé àwọn ará ìlú lórí, títí kan àwọn tó ń tajà, nígbà tí ọjà kò tà rárá. Ní oṣù kìíní, wọ́n mú àwọn aṣáájú méjì tó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ará ìlú. Àwọn obìnrin ọjà ló kọ́kọ́ tú jáde. Wọ́n pa ọjà tì. Wọ́n tú àwọn aṣáájú náà sílẹ̀, wọ́n sì dá owó-orí náà dúró. N kò ní tàn yín, kò rọrùn: wọ́n kó ọmọ ogun wọ ìlú lẹ́yìn náà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọ̀rọ̀ owó-orí ni ìyẹn, kì í ṣe ti báńkì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ìyá alágàrí mọ̀ pé obìnrin ọjà tó kọ̀ láti ná owó rẹ̀ síbi tí kò tọ́ kì í ṣe nǹkan àjèjì ní ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí báńkì. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń fi ojú àwọn aláwọ̀ dúdú gbolẹ̀ ní South Africa, Barclays ti Lọ́ńdọ̀nù ń ṣòwò níbẹ̀. Ní 1978, ìjọba Nàìjíríà, nígbà tí Ọbasanjọ jẹ́ olórí ológun, pàṣẹ pé kí wọ́n kó owó ìjọba kúrò ní Barclays ti Nàìjíríà. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ta lára ìpín wọn, nígbà tó sì di 1979, orúkọ báńkì náà ti di Union Bank. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ná ọjà Èkó mọ Union Bank dáadáa. Ibi tó ti wá nìyẹn.

Ẹ lè sọ pé, "Owó ìjọba ni ìyẹn, owó gàrí kọ́." Òótọ́ ni. Nítorí náà, ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó kékeré ló wà lọ́wọ́ oníkálukú wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní ṣí ìwé ní Barclays títí tí yóò fi kúrò ní South Africa. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Ọmọ tuntun bá wọ ilé ìwé, wọ́n á sọ fún un. Báńkì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ òní ni ọ̀gá ọ̀la, ibi tí èèyàn bá sì ti kọ́kọ́ ṣí ìwé, ó sábà máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1986, Barclays ta ohun tó kù fún un ní South Africa, ó sì jáde. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló lé e jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn wà níbẹ̀.

Èyí tó jọ ti àwọn ìyá wa jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2011. Bank of America ní òun fẹ́ máa yọ dọ́là 5 lóṣooṣù lọ́wọ́ àwọn tó ń fi káàdì rajà. Dọ́là 5 nígbà náà ju 2,000 fráǹkì wa lọ. Ariwo ta. Àwọn èèyàn mú ọjọ́ kan, 5 oṣù kọkànlá, wọ́n ní tó bá di ọjọ́ yẹn, kí oníkálukú ti kó owó rẹ̀ kúrò ní báńkì ńlá lọ sí ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni. Ọjọ́ náà kò tíì pé tí báńkì fi ní òun kò gba dọ́là 5 mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, tí ẹ bá bi mí bóyá báńkì á mọ̀ pé ẹ lọ, èsì mi ni pé tí ẹnì kan bá yọ́ lọ, wọn kò ní mọ̀. Tí ogójì bá jọ lọ, tí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi ń lọ, wọ́n á mọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, nǹkan mẹ́ta wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Èkíní: ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Láti 1 oṣù kẹwàá 2014, BCEAO ti pàṣẹ pé iṣẹ́ 19 wà tí báńkì gbọ́dọ̀ máa ṣe fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́. Lára wọn ni ṣíṣí ìwé, títọ́jú ìwé ìfowópamọ́ tí wọ́n ń pè ní compte épargne, fífi owó pamọ́, gbígba owó ní báńkì tìrẹ, àti wíwo iye owó tó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìṣirò oṣooṣù, àti títi ìwé pa. Ẹ gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn: ọ̀fẹ́ ni kí èèyàn ti ìwé rẹ̀ pa. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí ẹ tó lè lọ, ẹ ní kó fi òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ hàn yín.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ o. Compte épargne yàtọ̀ sí compte courant. Compte courant ni ti àwọn oníṣòwò tó ń lo ṣéẹ̀kì, báńkì sì lè gba owó ìtọ́jú lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé èyí gan-an ni òṣìṣẹ́ onífìlà yẹn ṣí fún àwọn ìyá láìṣàlàyé. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: "Irú ìwé wo ni ẹ ṣí fún mi? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi." Tó bá jẹ́ compte courant, ẹ ní kí wọ́n yí i padà sí compte épargne. Tó bá sì jẹ́ épargne ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè owó yín padà.

Èkejì: ẹ jọ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ lórí ìwé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí àwọn ogójì jọ fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye owó síbẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fún wọn lóṣù kan láti dáhùn. Ẹ ṣe é ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Décharge ni wọ́n ń pè é, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Tí oṣù kan bá pé tí wọn kò dáhùn, ẹ gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì BCEAO ní Lomé, kí ẹ sì mú òmíràn lọ bá ẹgbẹ́ tó ń gbèjà oníbàárà. Association Togolaise des Consommateurs wà, Ligue des Consommateurs du Togo náà wà.

Ẹ má bú ọmọ tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì o. Òun kọ́ ló ṣòfin. Ó lè jẹ́ pé òun náà ní ìyá tó ń ṣe gàrí.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ẹ mọ ibi tí ẹ̀ ń lọ kí ẹ tó lọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣubú. Wọ́n bínú sí báńkì, wọ́n sì sá bọ́ sẹ́nu kìnnìún.

Ẹ̀yin ará wa tó ní ẹbí ní Benin, ẹ kò ní gbàgbé ICC Services. Èlé tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni wọ́n ṣèlérí. Ní 2010, ó fọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì pàdánù ohun tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kó jọ. Àwọn kan ta ilẹ̀ kí wọ́n tó fi owó sí i. Ní Nàìjíríà, MMM dé pẹ̀lú ìlérí 30 nínú 100 lóṣooṣù. Nígbà tó di oṣù kejìlá 2016, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn lójú, lásìkò tí wọ́n fẹ́ ra adìẹ ọdún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní òun á san 20 lé 100 lóṣooṣù fún àwọn ìyá wa, níbo ló ti fẹ́ rí i? Báńkì tó ní ilé gíga kò gbọdọ̀ gbà ju 15 lọ láàárín ọdún kan gbáko. Owó ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ló fẹ́ fi san ti ẹni tó ṣáájú. Ọjọ́ tí ẹni tuntun kò bá wọlé mọ́, ó parí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Abẹ́ ẹní ńkọ́? Ẹ rántí ọjà ńlá Lomé tó jóná lóṣù kìíní 2013. Ilé alájà tó wà láàárín ọjà jóná, ọjà tí àwọn ìyá fi ogún ọdún kó jọ sì di eérú lóru ọjọ́ kan. Iná kò mọ owó yàtọ̀ sí aṣọ. Àti iná, àti olè, àti ikán, àti àna tó máa ń gbọ́ pé owó wà nílé.

Níbo wá ni kí a lọ? Àkọ́kọ́, báńkì míì wà. Ẹ lọ bèèrè ní méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń gbà sí, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn bí ẹ ṣe ń fi iye owó àgbàdo ìsọ̀ kan wé ti ìkejì. Ìkejì, COOPEC wà. FUCEC-Togo, tó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀, ti wà láti 1983. Ní COOPEC, ọmọ ẹgbẹ́ ni oníbàárà jẹ́. Ẹni tó ní 5,000 àti ẹni tó ní mílíọ̀nù márùn-ún, ìbò kan ṣoṣo ni oníkálukú wọn ní ní ìpàdé gbogbogbòò. Tí owó tí wọ́n ń gbà bá pọ̀ jù, ẹ lè dìde níbi ìpàdé kí ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní báńkì ńlá?

Síbẹ̀, kẹ́ẹ̀sì náà lè wó. Mo sọ fún yín pé báńkì 1929 wó ní Èkó. Ọ̀pọ̀ báńkì aláwọ̀ dúdú tó tẹ̀ lé National Bank ní Nàìjíríà náà wó kí ọdún 1954 tó parí, owó àwọn èèyàn wa sì bá a lọ. Pé ẹnì kan jẹ́ ará wa kò ní kí a má yẹ ìwé rẹ̀ wò. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀sì yòówù tí ẹ bá fẹ́ wọ̀, ẹ béèrè agrément rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ ìjọba. Ó gbọ́dọ̀ wà lára ògiri. Tí wọ́n bá ní ó wà ní olú iléeṣẹ́, ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ má sì kó gbogbo owó sójú kan. Àjọ yín, ẹ má fi sílẹ̀, tó bá jẹ́ ẹni tí ẹ mọ ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbà á.

Ẹni tó jẹ báńkì ní gbèsè, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kò lè fi ẹsẹ̀ sá fún gbèsè. Kí ó san án tán kó tó lọ.

Ó ku asiráǹsì. Ẹ̀yin ọlọ́kadà wa, ẹ̀yin zémidjan, ẹ̀yin onímọ́tò tó ń ná Lomé sí Cotonou sí Èkó, ẹ máa ń sọ pé, "A ń san án, wọn kì í san nǹkan fún wa." Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ kò lè kọ asiráǹsì ọkọ̀ sílẹ̀. Òfin CIMA, tó ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè 14, sọ ọ́ di dandan. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ ẹni tí mọ́tò gbá gbọ́dọ̀ rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ iléeṣẹ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni agbára yín wà.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń ra èyí tó wọ́n kéré jù, kí a lè rí ìwé fi han ọlọ́pàá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Tí a bá ń ra ìwé nítorí ọlọ́pàá nìkan, a jẹ́ pé a ti sọ fún iléeṣẹ́ náà pé a kò retí kó san nǹkan kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí: "Iléeṣẹ́ wo ló san án? Oṣù mélòó ló gbà?" Òfin CIMA ní tí èèyàn bá fara pa, asiráǹsì gbọ́dọ̀ wá sọ iye tí yóò san fún un láàárín oṣù 12. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ lọ sọ ọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, lórí ìwé, pẹ̀lú décharge. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sùn ju ọdún méjì lọ, kí ẹ̀tọ́ yín má bàa kú. Ẹni tó ń rékọjá ẹnubodè, kí ó béèrè Carte Brune, èyí tó ń gbèjà rẹ̀ ní ilẹ̀ CEDEAO. Iléeṣẹ́ tó bá ń fi ẹjọ́ falẹ̀, ẹ gbé e lọ sí Direction Nationale des Assurances. Tó bá sì di ìparí ọdún, kí gbogbo ẹgbẹ́ ọlọ́kadà jọ gbé owó wọn lọ síbòmíràn. Alùpùpù igba tó dìde lọ lọ́jọ́ kan, ọ̀gá iléeṣẹ́ á gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ìyá alágàrí, mo padà sọ́dọ̀ yín. Bóyá ẹ ó gba 480,000 yín padà, n kò lè fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọdún tó ń bọ̀, 480,000 míì kò gbọdọ̀ lọ. Tí ẹ bá sì lọ, tí ẹ jẹ́ kí gbogbo ọjà mọ ìdí tí ẹ fi lọ, òṣìṣẹ́ onífìlà tó máa dé abúlé kejì á ṣàlàyé dáadáa kó tó ní kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ka. Ọmọ ẹlòmíì ni ẹ gbà yẹn o, ẹ̀yin ẹ kò sì ní mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ yín tó tú ká lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jíròrò nǹkan mẹ́ta yìí. Ta ló ní ìwé báńkì nínú wa, irú rẹ̀ wo sì ni? Èló ni wọ́n yọ lọ́wọ́ oníkálukú wa lọ́dún tó kọjá, èló sì ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ tí a bá pa á pọ̀? Tí a bá fẹ́ lọ, ibo ni a fẹ́ lọ, ta ni nínú wa yóò sì lọ wo agrément ibẹ̀? Kí ẹni tó mọ̀wé jù kọ èsì sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó kà á lórí afẹ́fẹ́.

Ó dàárọ̀ o. Kí owó má jò lọ́wọ́ wa.